Mọ́tò Tó Ń Sunkún Ní Kọ́nà: Bí Mo Ṣe Lọ sí Ààyè-Èkìtì Tí Mo Sì Bọ̀

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ẹ ò jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tó ń hun àwọ̀n létí ọ̀sà ń pè mí ní Ínjínníà. Ẹni tó ń dín àkàrà ń pè mí ní Ínjínníà. Ìyá tó bí mi lọ́mọ pàápàá, tó bá fẹ́ kí n fọ abọ́, á ní, "Ínjínníà, jọ̀ọ́." Ẹ tún ní ẹ máa ń rí mi tí mo bá dá jókòó, tí màá fi ìka kan orí ara mi, tí màá wá dẹ etí sílẹ̀ bí ẹni tó kanlẹ̀kùn tó ń retí ẹni tó máa ṣí i. Ó dáa. Ẹ sún mọ́ ibí, kí n rò ó fún yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi Wàsíù, ọmọ Ẹ̀pẹ́ pọ́ńbélé, mo ti dé Èkìtì. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀, ọrùn mi gan-an ló lè jẹ́rìí sí i.

Iṣẹ́ tí mo kọ́

Gbogbo yín lẹ mọ Tísà Jídé, tó kọ́ wa ní jọ́gíráfì, tó fún mi ní òdo nígbà tí mo kọ ọ́ sínú ìdánwò pé odò Ọya ń ṣàn wọ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Ó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ láàárín wa, débi pé àwọn kan ti gbàgbé pé ará Ààyè-Èkìtì ni. Ọdún tó fẹ̀yìn tì lèmi náà jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Òun fẹ̀yìn ti iṣẹ́, èmi fẹ̀yìn ti ìwé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ṣe àpèjẹ ìdágbére fún òun. Ní tèmi, bàbá mi kàn mí èémí kanlẹ̀ ni, ó ní, "Alihamudulilahi, ó tán."

Tísà ní mọ́tò kan tó dàgbà jù mí lọ. Ó sọ ọ́ lórúkọ, ó ń pè é ní Súúrù. Ẹ ti rí i: ilé sí ilé ìwé, ilé ìwé sí ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ náà ló mọ. Tísà ò gbé e dé Èkìtì rí, ẹ̀rù ọ̀nà ń bà á.

Ṣùgbọ́n ìyá Tísà wà ní Ààyè, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti bò. Ohun funfun kan ló bo ẹyinjú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da omi ògì sí i. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àwọn lè ṣí i, wọ́n sì dá àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan fún un. Tí ọjọ́ yẹn bá fi lè bọ́, ó di oṣù mélòó kan kó tó tún kàn án. Ìyá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ó fi òfin kan sí i. Ó ní òun ò gun ọ̀kadà, òun ò sì wọ takisí. Ó ní ìkòkò lòun ń mọ tà tí òun fi rán Jídé níléèwé, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fóun pé Jídé ra mọ́tò, òun ò sì tíì fọwọ́ kan mọ́tò ọ̀hún rí. Iṣẹ́ tó rán sí Tísà nìyí: "Bí mọ́tò ọmọ mi bá wà lóòótọ́, kó wá gbé mi lọ. Bí kò bá sí, ẹ fojú mi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Súúrù ti ń kùn. Tó bá ń lọ tààrà, kò burú. Àmọ́ tó bá ti yí sápá ọ̀tún, ohùn kan á jáde lábẹ́ rẹ̀, hùrùrùrù, bí ẹni tó ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ. Bọ̀ọ̀dá Múká mẹkáníìkì, tó yẹ kó bá wa wò ó, ti bá ìsìnkú lọ sí ìlú ìyàwó rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti la ẹnu mi. Ẹ kúkú mọ̀ pé mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Múká. Nínú mẹ́fà yẹn, mo fi méjì ra ẹ̀wà fún wọn, mo fi méjì fọ nọ́ọ̀tì nínú bẹntiróòlù, mo fi méjì tó kù di tọ́ọ̀ṣì mú, tí wọ́n ń bú mi pé ojú ara mi ni mò ń tàn án sí. Ṣùgbọ́n mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ. Mo lè pe béárìn, irin róbótó tí táyà fi ń yí, mo lè pe ṣáàfù, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń pòṣé tí wọ́n bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, sà," ni mo wí. "Ká tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, màá ti mọ ohun tó ń ṣe é."

Tísà wò mí látòkè délẹ̀. "Wàsíù, ṣé ìwọ tó gbé odò Ọya wá sí Ẹ̀pẹ́ náà nìyí?"

"Jọ́gíráfì nìyẹn, sà. Mọ́tò lèyí."

Òkúta

Ẹ̀yin tí òkè tó ga jù tí ẹ rí láyé yín kò ju òkìtì iyanrìn lọ, ẹ má sọ pé ẹ ti rí òkè. Láti Oǹdó lọ lọ́hùn-ún, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Nígbà tí a fi dé Àkúrẹ́, ọ̀nà ti ń gùn, ó ń sọ̀, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, gbogbo ìgbà tó bá sì ti yà sọ́tùn-ún ni Súúrù ń lọ ata.

"Kí ló ń dún yẹn, Wàsíù?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Mò ń fetí sí i ni."

A dúró ní Àkúrẹ́ kí a jẹun. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo wọ abẹ́ mọ́tò lọ. Ọlọ́run sì gbọ́ àdúrà òpè: mo rí òkúta kan bí ẹyin àdàbà, ó há sáàárín táyà ọ̀tún àti àwo irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn bíréèkì rẹ̀. Mo yọ ọ́. Mo jáde, ara mi kún fún gíríìsì, mo gbé òkúta náà lé Tísà lọ́wọ́ bíi dókítà tó yọ ọta ìbọn lára jagunjagun.

"Ó ti parí, sà."

Tísà bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ra ẹran kún oúnjẹ mi. A wọ mọ́tò, a jáde nílùú, kọ́nà àkọ́kọ́ yọ lápá ọ̀tún.

Hùrùrùrù.

Tísà kàn yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ju òkúta náà síta, ó sì yí gíláàsì padà sókè. Ẹran tí mo jẹ wá dà bíi pé mo jí i.

Òkúta máa ń dún bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, mi ò purọ́. Tó bá há síbẹ̀, á máa họ irin. Ṣùgbọ́n òkúta kì í dúró de kọ́nà kó tó sọ̀rọ̀. Mo wá jókòó, mo ronú bí ọlọ́gbọ́n. Tó bá yí sọ́tùn-ún ló ń ké. Tó bá yí sósì, ó dákẹ́. Á jẹ́ pé apá ọ̀tún ló ń dùn ún. Ṣé ẹni tí eyín ọ̀tún ń dùn máa ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mú ni?

"Béárìn ni, sà," ni mo wí. "Béárìn táyà ọ̀tún níwájú."

Tísà rò ó títí. "Ó bọ́gbọ́n mu," ni ó wí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ṣìnà.

Àlejò

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la wọ Ààyè. Ebè iṣu tò lápá ọ̀tún àti lápá òsì ọ̀nà, àpáta ńlá sì jókòó lẹ́yìn wọn bí àgbà tó ń ṣọ́ oko. Àwọn ará ilé ti tò síwájú ilé, ìyá àgbà jókòó sórí àpótí kékeré láàárín wọn, ó múra, ó wé gèlè. Kọ́nà tó kẹ́yìn kí a tó dọ́dọ̀ wọn, ẹ má bi mí apá ibi tó yà sí.

Ìyá gbé orí sókè. "Kí ló ń sunkún bọ̀ yẹn?"

Ẹnì kan ní, "Mọ́tò Jídé ni, ìyá."

"Áà." Ó dẹ etí sí i. "Kí ló ń dùn ún?"

Gbogbo wọn wo Tísà. Tísà wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ní ọ̀dọ̀ tiwa, tí a bá kí èèyàn tán, ó tán. Ní Ààyè, odidi iṣẹ́ kan ni ìkíni. Wọ́n kí mi kú ọ̀nà, kú àárẹ̀, kú ewu, wọ́n kí bàbá mi tí wọn ò mọ̀, wọ́n kí ọ̀sà wa. Mo dọ̀bálẹ̀ títí erùpẹ̀ ibẹ̀ fi mú kí àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi pọ́n bí epo. Tísà wá pa mí lẹ́rìn-ín. Òun tó máa ń sọ Yorùbá bí oníròyìn rédíò ní Ẹ̀pẹ́ níbí, bó ṣe ń fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ báyìí, ó bọ́ ẹnu yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni bọ́ bàtà. Ilé di ulé, iṣẹ́ di uṣẹ́, ó ń sáré sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ń mi orí. Ìdajì nínú ohun tí mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò mọ ohun tó jẹ́ títí dòní.

Oúnjẹ dé. Màmá Fúnkẹ́, ìyàwó àbúrò Tísà, ló ń ṣe ìtọ́jú wa. Ó gbé iyán kan kalẹ̀ síwájú mi tó ga bí ìrọ̀rí, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Mo ń fi ìka wá ẹja nínú ọbẹ̀.

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́, kí lo sọ nù síbẹ̀?"

"Kò sí, ma."

"Wọ́n ní èbà lẹ máa ń jẹ lọ́dọ̀ yín, àní láàárọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni, ma."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ó wí, ó fi ọwọ́ lé àyà bí ẹni gbọ́ òkú. Ó sì fi iyán kún iyán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo mọ irú ẹni tí ìyá jẹ́. Ìṣàn, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ yẹn ló ṣe títí ojú rẹ̀ fi bò. Nígbà tí ojú bò, iṣẹ́ ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó bá ra ìkòkò tuntun á gbé e wá fún un kí wọ́n tó gbé e kaná. Á fi ọwọ́ kan di ètè ìkòkò mú, á fi oríkèé ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, á sì gbé etí sún mọ́ ọn. Obìnrin kan gbé méjì wá lójú mi. Ìyá kan àkọ́kọ́, ó dún gbọin.

"Kò là. Ẹ máa bu omi sí i."

Ó kan ìkejì, tó dán, tó lẹ́wà ju àkọ́kọ́ lọ. Ó dún pọ̀.

"Ó ti là nínú. Gbé e padà fún ẹni tó tà á fún ọ."

Mo wo ìkòkò náà yípo, mi ò rí nǹkan kan. Màmá Fúnkẹ́ bu omi sí i kó lè fi hàn mí. Kó tó ka ẹ̀wá, ìdí ìkòkò ti tutù. Mo ní, "Áà!" Ìyá ní, "Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ojú máa ń purọ́ o." Ó yẹ kí n ti gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn.

Ìkọ̀lé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, a gbé Súúrù lọ sí Ìkọ̀lé, torí gbogbo ẹni tí a bi léèrè mẹkáníìkì, orúkọ kan náà ni wọ́n ń dá: Ọ̀gá Dáre. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ tútù bíi ti ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ kú ọ̀nà, sà. Ẹ jẹ́ kí n wà á yípo díẹ̀ ná, kí n gbọ́ ọ."

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu," ni Tísà wí. "Ọmọ yìí ti mọ ibi tó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni. Ó ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó tún kọ́ iṣẹ́ mọ́tò lápá Èkó."

Ẹ ò mọ ohun tí ìwé jẹ́ ní Èkìtì. Ní Ààyè, tí kò bá sí fọ́tò ẹni tó dé fìlà onígun mẹ́rin lára ògiri pálọ̀ yín, wọ́n á máa bá yín kẹ́dùn bíi pé ilé yín ò ní òrùlé. Bí Tísà ṣe pe orúkọ ìwé, Ọ̀gá Dáre ṣí fìlà. Ó yíjú sí mi, èmi tí irùngbọ̀n mi ṣì ṣeé kà.

"Ọ̀tún lẹ wí, sà?"

Ó pè mí ní sà! Ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Tó bá bi mí lásìkò yẹn pé ṣé kí òun se ẹ́ńjìnnì jẹ ni, màá ní kó fi iyọ̀ sí i.

"Ọ̀tún ni," mo dáhùn, mo sì kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí ìjọba rán wá.

Ó tú táyà ọ̀tún, ó yọ béárìn. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ń dán. Ó wò mí. Ó wo Tísà. Ó la ẹnu, ó pa á dé. "Ó... ó ti ṣiṣẹ́, sà," ni ó wí, ó sì mú tuntun, ó fi sí i. Nígbà tó yíjú, mo mú béárìn àtijọ́ náà nílẹ̀, mo wé e sínú síńgílẹ́ẹ̀tì mi, mo tì í sínú báàgì. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbé e wá hàn: èyí ni béárìn tí Ínjínníà Wàsíù fi etí lásán mọ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀, ọ̀nà ń lọ tààrà, Tísà ń kọ orin ìsìn lábẹ́ ohùn. Mo ti ń ṣàlàyé fún un bó ṣe yẹ kó máa tọ́jú mọ́tò. A dé Ọ̀yẹ́. Ọ̀nà yà sọ́tùn-ún.

Hùrùrùrù.

Orin dúró láàárín ẹsẹ.

"Wàsíù."

"Sà."

"Òdo."

Nígbà tí a fẹ́ẹ̀ dé ilé, ó ní, "Ọ̀nà Ìdó ò jìn, ṣùgbọ́n kọ́nà àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló kún un. Béárìn tó bá fọ́ tán, táyà lè yọ. Mi ò lè fi ẹ̀mí ìyá mi ṣeré. Lọ́la, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá sọ fún un pé kò ṣeé ṣe." Ohùn rẹ̀ ò le. Ì bá kúkú gbá mi létí. Mo rántí ojú ìyá tó funfun bí omi ògì, gbogbo àwàdà inú mi sì gbẹ.

Ìkòkò omi

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Tísà kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. "Màámi, mọ́tò yìí..."

"Mo gbọ́ ọ nígbà tí ẹ wọlé lánàá. Bó ṣe lọ ló ṣe bọ̀. Ẹ gbé mi sínú rẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màámi?"

"Ta ló ń dá ìkòkò lẹ́jọ́ láìkàn án?"

Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la gbé e lọ. A gbé ìyá sẹ́yìn lápá ọ̀tún, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára ilẹ̀kùn. Tísà yípo lápá ọ̀tún: ariwo. Ó yípo lápá òsì: kẹ́kẹ́ pa. "Ẹ gbé mi sí ẹ̀gbẹ́ kejì," ni ìyá wí. Tísà tún yípo lápá ọ̀tún. Ìyá gbá ilẹ̀kùn. "Ó tó. Ọmọ Ẹ̀pẹ́, apá wo lo ní ó wà?"

"Ọ̀tún, ma. Torí tó bá yí sọ́tùn-ún ló ń..."

"Nígbà tí mò ń ru ùkòkò láti Ìṣàn lọ ọjà Ọ̀yẹ́, tí mo bá ń yára, tí ọ̀nà wá yà sọ́tùn-ún lójijì, ẹsẹ̀ wo ló ń gbé ẹrù?"

"Ọ̀tún, ma."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Màmá Fúnkẹ́, gbé ìkòkò omi wá fún ínjínníà."

Mo rò pé àwàdà ni. Wọ́n pọn omi kún ìkòkò, wọ́n fi òṣùká sí mi lórí, wọ́n gbé e rù mí. Àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ti yí pápá ká nínú aṣọ ìsinmi wọn. Ìyá ní, "Sáré. Máa yí sọ́tùn-ún."

Mo sáré. Omi ya sápá òsì. Ọrùn mi tẹ̀ lé omi. Gbogbo ara mi tẹ̀ lé ọrùn, gbogbo ẹrù náà sì jókòó lórí orúnkún òsì mi, ó ń gbọ̀n bí ewé.

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Òsì, ma!"

"Tún yí i ká."

"Mo ní òsì ni, ma! Òsì!"

"Mo ti gbọ́. Mo kàn fẹ́ kó dá ọ lójú ni."

Nígbà tí wọ́n sọ ìkòkò, omi tó kù nínú rẹ̀ ò kún agolo. Ìyókù wà lára mi. Ìyá wá là á yé wa. Ó ní bí mọ́tò bá yí sọ́tùn-ún, apá òsì ló ń da gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé. Ẹsẹ̀ tó ń ṣàìsàn á ké nígbà tí ẹrù bá dé orí rẹ̀. Tó bá yí sósì, ẹrù kúrò lórí rẹ̀, ó sinmi, ó dákẹ́. "Nígbà tí mo jókòó lọ́tùn-ún, etí mi ló ń gbọ́ ọ," ni ó wí. "Nígbà tí mo jókòó lósì, ìdí mi ló ń gbọ́ ọ."

Tísà gbé jáàkì sábẹ́ rẹ̀ lápá òsì níwájú. Mo di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, mo mì ín. Ó ń ṣe gbọ̀-gbọ̀ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo fọwọ́ yí i, ó ń họ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ mi, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kó má bẹ̀rẹ̀ láti ibi eyín àti ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ni. Níbo ni a ti fẹ́ rí béárìn? Ojú Tísà tún ti ń rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà kan wọ pápá. Ọ̀gá Dáre ló wà lẹ́yìn rẹ̀, nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, àpò irinṣẹ́ lórí itan. Ó ti dé ilé wọn, wọ́n júwe pápá fún un. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Tísà.

"Ẹ dárí jì mí, sà. Béárìn tí mo yọ lánàá, kò gbó. Ọwọ́ mi sọ fún mi, ẹnu mi ni ò lè sọ fún yín. Mo ní ẹni tó kàwé tó báyìí, ta ni mí? Mi ò gbọ́ ìwàásù láàárọ̀ yìí, béárìn yẹn ni mò ń rí lójú pẹpẹ."

"Dìde, ọ̀gá," ni Tísà wí. "Èmi ni mo dí ọ lẹ́nu. Ṣé o mú òmíràn lọ́wọ́?"

"Ibi tí wọ́n ti ń tà á ò ṣí lónìí, sà. Èyí tí mo yọ yẹn ni mo rò. Ọ̀kan náà ni tọ̀tún-tòsì ń lò. Mo tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, mi ò rí i. Ẹnì kan ti gbé e lọ."

Omi ń kán lára mi, tó, tó. Ẹ mọ̀ pé mo lè dákẹ́? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé.

"Ó wà nínú báàgì mi, sà."

Tísà yí orí wá díẹ̀díẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi han àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ni, sà."

Ẹ̀rín tó sọ ní pápá yẹn, àwọn ẹyẹ orí igi fò. Màmá Fúnkẹ́ jókòó sílẹ̀ nínú aṣọ ìsinmi. Mo sáré lọ sí ilé, mo gbé e dé nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Tísà gbà á, ó mi orí. "Ọlọ́run fi fáàrí ọmọ yìí bá wa tọ́jú nǹkan."

Ọ̀gá Dáre bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yọ ti òsì: ó ti dúdú, ó ti họ bí igbá àtijọ́. Ó fi bẹntiróòlù fọ èyí tó wà lọ́wọ́ wa, ó ki gíríìsì sí i títí, ó sì gbé e wọlé. Èmi ni wọ́n fún ní nọ́ọ̀tì dì mú. Mo dì wọ́n mú bí ẹyin.

Ìdó

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ti mọ́ dáadáa nígbà tí a gbé ìyá síwájú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Kọ́nà ọ̀tún àkọ́kọ́, ó tẹ́ etí. Ìkejì, ó tẹ́ etí. Ní ìkẹta ó gbé ọwọ́ lé iwájú mọ́tò bí ẹni tó ń kí ọmọ tí ara rẹ̀ ti yá.

"Súúrù, o kú uṣẹ́."

Tísà ń wo ọ̀nà, ó sì gbé orin tó dá dúró ní Ọ̀yẹ́ látibi tó ti fi í sílẹ̀.

Àwọn èèyàn ilé ìwòsàn yẹn gba ìyá lọ́wọ́ wa bí ẹyin. Àwọn àlejò tó ń dúró de aláìsàn tiwọn fi iṣu sísè lọ̀ mí láìmọ̀ mí rí, mo sì jẹ ẹ́, torí mo ti ń di ará Èkìtì. Ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ọjọ́ kejì, wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Ìyá ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó wo Tísà títí.

"Jídé. Ta ló da ewú sí ọ lórí báyìí?"

"Ọdún ni, Màámi."

Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú Tísà, bíi pé ọmọ kékeré ni. Ó ní ká mú òun lọ wo mọ́tò. Ó yí i ká. "Àwọ̀ rẹ̀ ò dáa," ni ó wí. "Ohùn rẹ̀ ló dáa." Ó wá wò yíká. "Ínjínníà yẹn dà?"

Wọ́n tì mí síwájú. Ìyá wò mí, ó wo irùngbọ̀n mi tó ṣeé kà, ó ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di etí mi mú bí ẹni di ètè ìkòkò, ó fi oríkèé ìka kan orí mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé etí rẹ̀ sún mọ́ ọn. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọjá dúró. Mi ò mí.

"Òfìfo ni," ni ìyá wí.

Ó tún kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá a lójú.

"Ṣùgbọ́n kò là. Ẹ máa bu omi sí i."